Bí ẹ ṣe lè mú tannápoṣó padà wá sẹ́yìnkùlé yín

Nílé ìyá àgbà mi, nísàlẹ̀ Àpáta Olúmọ, a kì í wo aago ká tó ká aṣọ. Aláró ni ìyá àgbà. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, Ìtòkú ni wọ́n ti ń tà á, ọwọ́ wọn méjèèjì sì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí wọ́n bá ti sá aṣọ sórí okùn tán, wọn á fìdí kalẹ̀ sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọn á kọjú sí òdòdó kan tó dì bí igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri balùwẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kì í tíì là tán tí wọn á fi lọgun sí wa nínú ilé: "Tannápoṣó ti là o! Ẹ wá ká aṣọ, ẹ wá dáná!"

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mi ò fi rí òdòdó náà mọ́. Wọ́n ti da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn, ìyá àgbà náà sì ti sùn. Nígbà tí mo wá kọ́ ilé tèmi lọ́nà Ọbáńtokò, ilẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn kíṣìnnì. Gbogbo èèyàn ní kí n fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ. Èmi ní tannápoṣó ni mo fẹ́. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń gbìn ín, púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ló sì jẹ́ pé àṣìṣe ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé òun lẹ ń wá

Ọ̀pọ̀ wa la mọ òdòdó ìgbà èwe wa lójú tí a ò mọ̀ ọ́n lórúkọ. Tannápoṣó kì í sábà ga kọjá ìgbáròkó àgbàlagbà. Ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, ó sì tútù yọ̀yọ̀. Oríkèé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń wú díẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣẹ́ bí ọmọdé bá fà á. Ìtànná rẹ̀ dà bí àrọ kékeré: ìdí rẹ̀ gùn tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Èyí tí mo bá nílé ìyá àgbà pupa bí àlùkò, ṣùgbọ́n ó ní ìyeyè, ó ní funfun, ó sì ní aláwọ̀ píńkì.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń fi dá a mọ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ ló ń là, láàárín agogo mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn àárọ̀ ọjọ́ kejì bá sì ti mú, ó ti pa ojú dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní òdòdó agogo mẹ́rin. Ìdí kan ṣoṣo lè ní àwọ̀ méjì, kódà ìtànná kan lè jẹ́ ìyeyè lápá kan kó pupa lápá kejì, bí ẹni pé wọ́n ta aró sí i lára. Ẹ̀kẹta ni kóró rẹ̀. Dúdú ni, ó hunjọ, ó tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan, ìtànná kọ̀ọ̀kan kì í sì ní ju kóró kan lọ. Bí ẹ bá fi òkúta fọ́ ọ, ohun tí ẹ máa bá nínú rẹ̀ funfun, ó sì kúnná bí ẹlùbọ́ láfún. Àtíkè wa nìyẹn nígbà tí a bá ń ṣeré ìyàwó.

Bí ẹ bá fẹ́ wá àwòrán rẹ̀ lórí Google, Mirabilis jalapa ni kí ẹ tẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ló ti ṣẹ̀, níbi tí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata ti wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní àlejò ni mọ́. Ẹ̀tìpọ́nlá tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ létí títì, ẹbí rẹ̀ ni. Bougainvillea tí àwọn olówó fi ń ṣe ọgbà, ẹbí rẹ̀ náà ni.

Orúkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Tan iná pa oṣó. Ìyá àgbà ní oṣó kì í fẹ́ ibi tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ tún un pè lẹ́nu yín: "tanná" náà la ń sọ bí òdòdó bá là. Ìgbà tí oníkálukú bá ń wá ìṣáná tí yóò fi tan àtùpà ni òun náà ń tan tirẹ̀.

Kóró rẹ̀ kò tó owó ná

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ wo àwòrán orí fóònù mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìyẹn kì í ṣe òdòdó o, koríko ni. Ẹ jẹ́ n kó ixora fún yín." Ojú tì mí, mo ra ixora méjì. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi, wọn ò ṣẹ̀ mí.

Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ló fẹ́ fi owó ra ohun tó ń hù fúnra rẹ̀? Àwọn agbolé àtijọ́ ni kí ẹ lọ, irú èyí tó wà ní Aké tàbí Ìkìjà, níbi tí wọn ò tíì fi síméǹtì bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ má lọ lọ́sàn-án. Òdòdó náà á ti pa ojú dé, ẹ ó sì kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pè yín.

Ẹ̀yìn ilé alámọ̀ kan ní Aké ni mo ti rí tèmi. Ìyá arúgbó kan ń ṣa ewédú lójúde. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta lò ń wá?"

"Òdòdó yín ni mo rí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣà nínú kóró rẹ̀?"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o múra tó báyìí? Kí lo fẹ́ fi tannápoṣó ṣe?" Mo sọ ti ìyá àgbà fún wọn, ti aṣọ orí okùn àti ti àpótí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé abọ́ ewédú sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. "Ṣà á, ṣà á. Ilẹ̀ náà ló kúkú ń dà sí."

Èyí tó bá dúdú tó sì le ni kí ẹ mú. Èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé kò tíì gbó. Èyí tó bá fúyẹ́, tàbí tó rọ̀ lábẹ́ èékánná, kò ní í hù. Ogún kóró tó ilé kan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà níbi tí oòrùn ò ti ní í pa á fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì dì í sínú àpò ìwé. Ẹ má dì í sínú náílọ̀nù nígbà tó ṣì ní omi lára, yóò bu.

Ibi tí ẹ máa gbìn ín sí

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé, òun náà sì ni mo kọ́kọ́ bà jẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀bá géètì ni mo gbìn ín sí, kí àlejò lè máa rí i. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ń jáde nílé nígbà yẹn, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń wọlé. Òdòdó ń là, àwọn tó ń kọjá lọ ń gbádùn rẹ̀, èmi tí mo bomi rin ín, ewé ni mo ń rí. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ aládùúgbò mi sọ fún mi pé, "Ańtí, òdòdó yín mà ń ta sánsán o." Mo ní kó ṣeun. Ó dùn mí dé ọkàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ́, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ ara yín. Níbo lẹ máa ń wà láàárín agogo mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́? Ṣé ẹ̀yìn kíṣìnnì lẹ ti ń gún ata ni, àbí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ ti ń fọ aṣọ? Ibẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí, bí ibẹ̀ kò bá tilẹ̀ wu àlejò. Bí iṣẹ́ kì í bá jẹ́ kí ẹ tètè wọlé, abẹ́ fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn ni kí ẹ gbìn ín sí. Òórùn rẹ̀ ni yóò jẹ́ tiyín. Irú ilé bẹ́ẹ̀, funfun àti ìyeyè ló yẹ ẹ́, torí àwọn ló ń hàn nínú òkùnkùn. Pupa á ti rá mọ́ alẹ́.

Ó fẹ́ oòrùn, ó kéré tán ìdajì ọjọ́. Bí ibòji bá pọ̀ jù, yóò kàn máa ga lágálágá ni, ìtànná rẹ̀ á sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ tún ṣọ́ra fún ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbá. Àwọn tèmi tó wà lára irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó là, àfi ìgbà tí ògiri bá tutù.

Ilẹ̀, àti ìgbà tó yẹ

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Abẹ́òkúta mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ wa. Tannápoṣó máa ń ta gbòǹgbò ńlá kan sísàlẹ̀, ó dúdú lára, ó tóbi bíi kárọ́ọ̀tì. Bí ó bá pẹ́, ó lè nípọn bí iṣu kékeré. Ẹ fi irin gún ilẹ̀ wò. Bí irin bá wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ó ti tó. Bí ó bá kan òkúta kíákíá, ẹ sún síwájú, tàbí kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí ibẹ̀ ká, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí i kí ó ga. Bí ó bá jẹ́ kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀ yín, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó gba lítà 20 ṣe é dáadáa: ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni kí omi dúró sí i nídìí, yóò jẹrà.

Ẹ po ilẹ̀dú mọ́ iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ tó ti gbẹ, tó ti pẹ́ nílẹ̀, sí i. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó o. Tí ajílẹ̀ bá sì pọ̀ jù, ewé lẹ máa rí, bí ẹni gbin ẹ̀fọ́.

Ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta tàn yín. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tún lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárín oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti ń dé déédéé, ni mo máa ń gbin tèmi. Ẹni tí ìyẹn bá fò lè dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ.

Gbígbìn rẹ̀

Ẹ rẹ kóró sínú omi lálẹ́, kí ẹ gbìn ín láàárọ̀. Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ gún ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ jìn ju ìyẹn lọ, kí ẹ ju kóró méjì sínú ihò kan. Láti ihò kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì, torí yóò fẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i.

Ẹ wá bò ó fún adìyẹ. Ogún kóró tí mo kọ́kọ́ gbìn, adìyẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé tú gbogbo rẹ̀ kí n tó ti ọjà Kútọ̀ dé. Mo tún padà lọ kúnlẹ̀ ní Aké. Láti ìgbà náà, imọ̀ ọ̀pẹ ni mo máa ń tò lé e lórí, tí mo sì máa ń gbé òkúta lé imọ̀ náà títí yóò fi hù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé méjì á yọ, wọ́n fẹ̀, wọ́n rí bí ìwe tí ẹ bá là sí méjì. Ewé àkọ́kọ́ nìyẹn, kò jọ ewé tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má baà fà á tu bí koríko. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí méjèèjì bá hù nínú ihò kan, ẹ fi èyí tó lágbára sílẹ̀, ẹ fa èkejì tu nígbà tó ṣì kéré, kí ẹ lọ́ ọ síbòmíràn. Bí ó bá ti ta gbòǹgbò ńlá sílẹ̀ lásìkò òjò, kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí òun nípò mọ́.

Nígbà tó bá ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ fi èékánná ké ọ̀mùnú orí rẹ̀, yóò ya ẹ̀ka púpọ̀. Lẹ́yìn náà, kò ní wàhálà. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má bomi rin ín. Bí òjò bá dá fún bí ọjọ́ mẹ́rin, tí ewé rẹ̀ sì so rọ̀ títí di àárọ̀, ẹ fún un lómi nídìí. Ewé tó bá so rọ̀ lọ́sàn-án gangan, oòrùn ló ń bá jà. Yóò dìde bí ilẹ̀ bá tutù.

Nígbà tó bá là

Yóò tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ là, ẹ gbé àpótí sún mọ́ ọn. Ní agogo mẹ́rin, ìtànná náà ṣì wé mọ́ra bí agboorùn tí wọ́n ká, ó lọ́ díẹ̀. Ẹ ò ní rí i nígbà tó ń ṣí. Ẹ ó wojú ọ̀kan, òmíràn á là lẹ́yìn yín. Ẹ ó padà wò ó, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ á ti tú ìdajì, irun tín-ín-rín inú rẹ̀ á ti yọ síta, orí irun kọ̀ọ̀kan á ní ìyẹ̀fun.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má wọlé kíákíá. Àfòpiná ńlá kan, tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó láti dé ìdí àrọ náà, lè wá. Kì í bà lé e. Ojú afẹ́fẹ́ ló ń dúró sí, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Wọ́n ní àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Fìtílà tibí yìí kì í jó o. Yóò mu oyin tirẹ̀ yó, yóò sì gbé ìyẹ̀fun dé ìdí òdòdó mìíràn.

Iṣẹ́ àfòpiná yẹn ló fà á tí àwọ̀ fi ń yí padà lọ́dọọdún. Pupa tó bá bá funfun pàdé lè bí píńkì. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ ìyá àgbà yín dúró bó ṣe wà, ẹ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìtànná kan ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kó tó là, kí ẹ má sì tú u títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí ó bá ń pa ojú dé, ó máa ń ká kò, akọ àti abo inú rẹ̀ á kan ara wọn, yóò sì so kóró láìsí àfòpiná. Ẹ so òwú mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹ lè mọ̀ ọ́n.

Ti ewé yàtọ̀. Ní 1909, Carl Correns, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, gbé ìwádìí jáde lórí irú tannápoṣó kan tí ewé rẹ̀ jẹ́ àbùlà funfun. Ó rí i pé ẹ̀ka tí wọ́n bá ti ká kóró ni ewé ọmọ ń tọ̀, ibi yòówù kí ìyẹ̀fun akọ ti wá. Ẹ̀ka funfun ń bí ọmọ funfun, àwọn ọmọ yẹn sì ń kú. Ẹ̀ka aláwọ̀ ewé ń bí ọmọ aláwọ̀ ewé. Bí mo ṣe kà á, mo ní ìyá àgbà ì bá ti sọ fún un láìgba kọ́bọ̀: ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ewu tó wà níbẹ̀

Kóró rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ ní májèlé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bì, kí inú sì máa yọ ọ́ lẹ́nu, kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré àtíkè wọn lójú yín, kí wọ́n má fi kan ẹnu àti ojú, kí wọ́n sì fọ ọwọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí wọn kì í jẹ, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀ rárá. Bí ọmọ bá gbé e mì, ilé ìwòsàn ni.

Ewu kejì, ti ilẹ̀ ni: ó máa ń tàn kálẹ̀. Kóró tó bá jábọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń hù. Ẹ máa ṣà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́dún kẹta ẹ ò ní rí ibi gbin ewédú.

Lásìkò ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á máa rọ, ẹ̀ka rẹ̀ á gbẹ. Kò kú. Ẹ gé e kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò wà nísàlẹ̀ tó ń sùn, bí òjò bá sì padà, yóò rú. Àsìkò yìí nìkan ló ṣeé ṣí nípò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé tèmi kúrò lẹ́bàá géètì lóṣù kìíní ọdún kejì: mo fi ọkọ́ wa ilẹ̀ yí i ká, mo gbé gbòǹgbò dúdú méje jáde láìdá wọn lọ́gbẹ́, mo sì tún wọn gbìn sẹ́yìn kíṣìnnì, ní ìwọ̀n ìjìn kan náà. Márùn-ún rú.

Nísinsìnyí tí mo ti ń tètè wọlé, àpótí kan wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, kì í dúró di agogo mẹ́rin. Ẹ yáa jáde lágogo mẹ́ta, kí ẹ sì ká aṣọ yín.